Ọ̀rẹ́ Ìyàwó Tó Wọ Sárì ní Tchaourou

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbéyàwó máa ń pọ̀ ní Tchaourou. Òjò ti lọ, iṣu ti wà nínú àká, owó òwú ti ń dé ọwọ́ àgbẹ̀, kajú sì ti ń tanná. Ẹni tó bá ní ọmọ tó tó lọ sílé ọkọ yóò fẹ́ kí ayẹyẹ náà wáyé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, torí tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, ta ni yóò fi ọkọ́ sílẹ̀ wá jókòó sábẹ́ àtíbàbà?

Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí à ń múra rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Nígbà tí ẹbí jókòó, ohun méjì ni ọmọ náà gbé ka iwájú wa. Ó ní òun kò fẹ́ káàdì ìpè tí wọ́n tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ni yóò fi ọwọ́ ṣe é. Ó sì ní àwọn ọ̀rẹ́ tó máa sin òun yóò wọ aṣọ àwọn ará Íńdíà. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí gbé ojú sókè, ó ní, "Kí ló kàn wá kan Íńdíà? Ṣé aṣọ ti tán nílẹ̀ yìí ni?" Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Aṣọ ò tán. Ó wù wá ni."

"Ó wù wá" tó fún ọmọdé. Ìbéèrè ìyá àgbà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ẹnì kan fara balẹ̀ dá a lóhùn. Èrò tèmi ni pé Íńdíà ti ń jókòó níbi ìgbéyàwó wa kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Aṣọ ọ̀rẹ́ ìyàwó kàn jẹ́ ká rí i ní gbangba ni. Ohun tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, nínú owó àti làálàá ọjọ́ náà, èwo ni yóò kan ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé níbí?

Ẹni tí kò bá mọ Tchaourou, ìlú tí ọ̀nà Kútọnu sí Parakou gba inú rẹ̀ kọjá ni, ní ẹkùn Borgou. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Thomas Boni Yayi, tó ṣe ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ láti 2006 sí 2016. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó tiwa ní gbogbo Bẹ̀nẹ̀. Ó ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ó sì bá Nàìjíríà pààlà ní ìlà oòrùn. Ìkànìyàn 2013 bá èèyàn tó lé ní 220,000 níbẹ̀. Àwa Nàgó wà níbẹ̀, àwọn Baatonu tí à ń pè ní Bàrùbá wà níbẹ̀, Fúlàní wà níbẹ̀, àwọn tó ti òkè Atacora wá dáko náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń fẹ́ ara wọn. Ẹbí ọkọ lè máa sọ Baatonu, kí ti ìyàwó máa sọ Nàgó, kí alága ìjókòó sì máa fi Faransé tún un sọ fún àwọn tó ti Kútọnu wá. Ibi tí a ti mọ́ àdàlù lára tó báyìí, ẹ̀rù aṣọ àlejò kò yẹ kó máa bà wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kajú. Bràsíl ni igi yẹn ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e lọ sí Goa ní Íńdíà ní ọ̀rúndún 16, àwọn náà ló sì gbé e wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Lónìí ọgbà kajú ló yí Tchaourou ká, òun sì ni ọ̀pọ̀ bàbá fi ń sanwó ilé ìwé, tó tún fi ń gbé ìyàwó fún ọmọ. Fún ọdún gbọọrọ, kóró tí a bá ṣà nílẹ̀ ọgbà, inú àpò ló ń bá lọ sí èbúté Kútọnu, ó di Íńdíà tàbí Vietnam. Ní Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù Íńdíà, àwọn obìnrin ló ń jókòó fọ́ kóró kajú, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ wá kéde pé láti 1 April 2024, kajú tútù kò gbọ́dọ̀ jáde nílẹ̀ yìí mọ́, pé kí a máa fọ́ ọ níbí kí owó iṣẹ́ náà má bàa lọ sókè òkun. Ìpinnu yẹn dùn mọ́ mi. Ohun tí mo sì ń sọ nípa ìgbéyàwó nìyẹn gan-an: kí a rà, kí a tà, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ ọwọ́ má lọ tán lọ́dọ̀ wa.

Ká tún wo ìrẹsì. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbé ka iwájú àlejò ní ìgbéyàwó wa, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ ti Íńdíà. Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra ìrẹsì Íńdíà tí kì í ṣe basmati jù lọ láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ẹnu ibodè wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba Íńdíà ní July 2023 dá ìrẹsì funfun dúró pé kò gbọ́dọ̀ jáde, tí wọ́n tún bu owó orí 20% lé ìrẹsì bíbọ̀ ní August, olóúnjẹ ìgbéyàwó tó ń se ìkòkò ńlá níbí mọ̀ ọ́n lára. Ìyá tó ní kí ló kàn wá kan Íńdíà, tó bá bu síbí méjì jẹ lábẹ́ àtíbàbà, Íńdíà ti kàn án.

Làálì ńkọ́? Ewé tí àwọn obìnrin wa ń gún, tí wọ́n ń pò, tí wọ́n fi ń ya ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, irúgbìn kan náà ni obìnrin Íńdíà fi ń ya ọwọ́ tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Ìlànà yíyà ló yàtọ̀. Tiwọn wínníwínní, ó ń gun apá lọ dé ìgúnpá. Tiwa máa ń nípọn, ó sì máa ń dúdú ní orí ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ń pe làálì ní àṣà àjèjì ní Tchaourou.

Owó ẹyọ ló tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù. Òkun Íńdíà ni ẹyọ ti wá. Ní erékùṣù Maldives ni wọ́n ti ń kó o, ọkọ̀ ń gbé e gba èbúté Íńdíà, àwọn òyìnbó ń rà á, wọ́n ń gbé e wá sí Ouidah àti etíkun wa gbogbo. Nígbà tó di bí àárín ọ̀rúndún 19, wọ́n tún ń kó irú kejì wá láti Zanzibar. A fi ra ọjà, a fi sanwó orí ìyàwó, a fi ṣe Ifá, a sì fi bo ère. Ìtàn yẹn ní ojú burúkú, torí a mọ ohun tí wọ́n fi ẹyọ rà ní Ouidah. Èèyàn ni. Mi ò ní fi aṣọ ìgbéyàwó bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Aṣọ òwú Íńdíà pàápàá wà nínú ẹrù tí ọkọ̀ òyìnbó ń já sí etíkun yìí fún òwò kan náà. Ẹni tó bá ń sọ pé aṣọ Íńdíà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi pẹ́.

Àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń gba aṣọ àlejò sọ́wọ́ láìsọ ara ẹni nù ni àwọn Kalabari, ní ẹ̀bá òkun Nàìjíríà. Aṣọ alápótí láti ìhà Madras, tí à ń pè ní Chennai báyìí, ni wọ́n ń rà. Injiri ni wọ́n ń pè é. Wọn kò dá a dúró síbẹ̀. Àwọn obìnrin wọn mú abẹ́rẹ́ àti abẹ, wọ́n ń gé òwú kan lára aṣọ náà, wọ́n ń fa òmíràn yọ, títí àpẹẹrẹ tuntun yóò fi jáde lójú aṣọ tí ẹni tó hun ún ní Íńdíà kò rí rí. Pelete bite ni wọ́n ń pe èyí. Aṣọ náà di ti Kalabari, débi pé ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú àgbà kò lè wáyé láìsí i. Aṣọ George tí àwọn Igbo àti àwọn ará Delta ń ró náà, Fort St. George, ilé odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Madras, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ìyàwó tó ró George ní Port Harcourt lónìí kò ní gbà fún ọ pé aṣọ àjèjì ni.

Kò tún yẹ ká fi òjìji bo ohun tó fa ọkàn àwọn ọmọbìnrin yìí. Fíìmù ni. Ní àríwá Nàìjíríà, fíìmù Íńdíà ti gba ọkàn èèyàn láti ìgbà tí Mother India jáde ní 1957, ipa rẹ̀ sì hàn nínú fíìmù Haúsá tí à ń pè ní Kannywood: orin, ijó, olólùfẹ́ méjì tí àwọn òbí kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Níbí, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Zee Magic ń fi èdè Faransé gbé eré Íńdíà wọ ilé wa láti 2015. Ní February 2021, Namaste Wahala jáde lórí Netflix, fíìmù tí Hamisha Daryani Ahuja ṣe ní Èkó nípa ọmọ Íńdíà àti ọmọbìnrin Nàìjíríà tó fẹ́ fẹ́ ara wọn. Ìdí tí eré wọ̀nyí fi ń wọ̀ wá lára kò jìnnà: ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ẹbí ń dá sí ọ̀rọ̀, ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà. Nínú fíìmù òyìnbó, olólùfẹ́ méjì ń dá ìpinnu ṣe. Àwọn ọmọ wa kì í gbé irú ayé yẹn.

Ó wá kan aṣọ fúnra rẹ̀. Ohun méjì ni àwọn ọmọ náà ń pè ní aṣọ Íńdíà. Lehenga jẹ́ síkẹ́ẹ̀tì gbàgẹ̀rẹ̀ tó dé kókósẹ̀, pẹ̀lú búláòsì kékeré àti ìborùn. Sárì jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tí a kò gé, tó gùn tó mítà márùn-ún àti ààbọ̀, tí wọ́n sì sábà máa ń fi aṣọ búláòsì kún. Sárì ni mo fara mọ́, mo sì ti sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mẹ́fà, mítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n aṣọ ni. Tó bá jẹ́ lehenga tí wọ́n ti rán wá láti òkè òkun, ẹni tó rán an ti gba owó rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó kù fún aránṣọ Tchaourou ju kó tún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rán. Sárì ní tirẹ̀ ń bọ̀ láìrán. Búláòsì wà láti rán, tòbi wà láti rán, etí aṣọ wà láti ṣẹ́, ìdè àti ìlẹ̀kẹ̀ wà láti tò sí i. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan lè jẹun lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Bí wọ́n ṣe ń ró o nìyí, torí mo ti rí i tí àwọn ọmọge ń fi píìnì bí ogún di ara wọn bí ẹrù ọjà. Tòbi ni ìpìlẹ̀. Kó le, kí okùn rẹ̀ fún mọ́ ìdí, torí òun ni yóò gbé gbogbo aṣọ náà. A ó ki orí aṣọ kan bọ inú okùn tòbi ní ọwọ́ ọ̀tún ìdodo, a ó gbé e yí ìdí ká lẹ́ẹ̀kan gba ọwọ́ òsì. Tó bá padà dé iwájú, a ó fi àtàǹpàkò àti ìka ká a ní ìṣẹ́po, ìṣẹ́po bíi márùn-ún sí méje, tí gbogbo wọn dọ́gba, tí ojú wọn sì kọ sí òsì. A ó fi píìnì kan ṣoṣo mú wọn pọ̀, a ó kì wọ́n bọ inú okùn. Aṣọ tó kù yóò yí ìdí ká lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò gba abẹ́ apá ọ̀tún kọjá síwájú àyà, yóò sì bọ́ sórí èjìká òsì kó máa já sẹ́yìn. Ìyá tó ti ń ró ìró láti kékeré yóò mọ̀ ọ́n ṣe ní ìgbà kejì. Àwọn ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa fa zip nìkan ló ń ṣòro fún.

Oòrùn Tchaourou ní March kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Aṣọ oníke tó ń dán, tó pọ̀ lọ́jà torí kò wọ́n, ń mú ooru sára. Ọmọ tó bá wọ̀ ọ́ láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti rẹ̀ ẹ́. Sárì òwú ni kí wọ́n rà, tàbí kí wọ́n ra aṣọ òwú ní mítà mítà kí wọ́n fi ṣe sárì. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń kórè òwú jù lọ ní Áfíríkà, ó ju 700,000 tọ́ọ̀nù lọ ní àkókò 2020 sí 2021, Borgou sì wà lára ibi tó ti ń jáde jù. Ní Glo-Djigbé, ní òkè Kútọnu, ilé iṣẹ́ ti ń fi òwú yìí hun aṣọ, tí wọ́n sì ń rán an. Sárì kò ní ìwé àṣẹ. Aṣọ òwú èyíkéyìí tó fẹ̀ tó, tó sì gùn tó, sárì ni lára ẹni tó bá ró o. Ká fi aṣọ òwú ilẹ̀ wa ró ọ̀nà Íńdíà, mi ò rí ohun tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀sìn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Búláòsì sárì máa ń dá ikùn sí ìta. Níwájú àlùfáà tó ń so yìgì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn kò bójú mu lọ́dọ̀ wa, kò sì yẹ kí a dá ọmọ ẹlòmíì lẹ́bi nígbà tí a ti fún un láṣẹ láti wọ ọ́. Kí aránṣọ fa búláòsì náà dé ìdí, kó fún un ní apá tó dé ìgúnpá. Ọ̀pọ̀ obìnrin Íńdíà fúnra wọn ń rán an bẹ́ẹ̀. Etí aṣọ tó já sẹ́yìn náà ṣe é fà bo orí nígbà àdúrà.

Àwọn ohun kan sì wà tí a kò gbọ́dọ̀ yá. Ìyẹ̀fun pupa tí obìnrin Híńdù ń fi sí ìlà àárín irun, sindoor, àmì obìnrin tó ti wà nílé ọkọ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni mangalsutra, ẹ̀gbà ọrùn tó ní ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, tó wá sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Àmì kékeré iwájú orí, bindi, ti di ọ̀ṣọ́ lásán lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn kò burú. Pupa ni àwọ̀ ìyàwó ní ọ̀pọ̀ ibi ní Íńdíà. Kí ọ̀rẹ́ ìyàwó fi í sílẹ̀ fún ìyàwó. Funfun gbòò sì jẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ àti ti opó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wọn. Àwọ̀ aró, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ata ilẹ̀ pọ̀ tó láti yàn.

Owó ló kù. Ìwà kan ti wọ ìgbéyàwó wa tí kò dùn mọ́ mi: ẹbí yóò yan aṣọ, wọn yóò fi owó lé e, àwọn ọmọge tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó yóò sì máa ya owó kiri. Mo mọ ọmọ kan tó jẹ gbèsè nítorí aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyàwó tó bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òun wọ sárì, kó fún wọn ní sárì. Tí agbára kò bá gbé mẹ́fà, kó mú mẹ́ta. Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Tàńtì, mẹ́rin ńkọ́? Ìkẹrin ni àbúrò ọkọ mi." Mo ní ká lọ bi ọkọ léèrè.

Ọ̀rọ̀ káàdì wá kàn. Níbí, kí káàdì tó dé, obì ló ń pe èèyàn. Obì gbànja ni wọ́n ń pín káàkiri láti fi kéde pé wọ́n ti so yìgì, tàbí pé wọ́n fẹ́ so ó. Ẹni tí wọ́n bá fún ní awẹ́ kan ti gbọ́. Àwọn baba wa tún ní àrokò. Ní 1885, àlùfáà C. A. Gollmer, tó gbé Badagry àti Abẹ́òkúta, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn àrokò tó rí láàárín Yorùbá: ẹyọ tí a so mọ́ okùn, iye rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe kọ síra, pẹ̀lú ìyẹ́ tàbí aṣọ tàbí ata tí wọ́n fi kún un. Ẹyọ méjì tí ojú wọn kọ síra wọn ń sọ ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Ẹni tó gbà á kò nílò akọ̀wé. Káàdì tí a fi ọwọ́ ṣe ló sún mọ́ èyí jù nínú gbogbo ohun tí à ń lò lónìí, ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ọmọ náà sọ pé òun kò fẹ́ ti ilé ìtẹ̀wé. Àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dára fún ẹni tó wà ní Paris tàbí Libreville. Ẹni tó wà ní Bétérou tàbí Tchatchou, tí ọlọ́kadà lè gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí ohun kan kan ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí a fi ṣe é kò wọ́n. Bébà líle, irú bristol tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, la ṣẹ́ sí méjì. Fún àpẹẹrẹ orí rẹ̀, mo fi ohun tí àwọn Ashanti ní Ghana ń ṣe han àwọn ọmọ náà. Àfọ́kù igbá ni wọ́n ń gbẹ́ láti fi tẹ àmì adinkra sára aṣọ. Igbá ha wọ́n wa ní Tchaourou bí? A wá igbá tó ti fọ́, tó gbẹ dáadáa, tó nípọn. A fi èédú ya àwòrán sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ni, torí ibẹ̀ ló tẹ̀ díẹ̀, tí yóò jẹ́ kí èèyàn lè yí i lórí bébà. A fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gbẹ́ ibi tí a kò fẹ́ kó gba tàdáwà. Àkọ́kọ́ fọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan torí ó fi ipá tẹ ọ̀bẹ. Igbá fẹ́ kí èèyàn máa fá a díẹ̀díẹ̀. A so igi mẹ́ta pelebe mọ́ inú rẹ̀ kí ọwọ́ lè rí ibi dì í mú. A da tàdáwà sórí fóòmù, a tẹ igbá sí i, a kọ́kọ́ dán an wò lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìtẹ̀ kìíní máa ń rin jù, ẹ̀kẹta sí ìkẹfà ló máa ń mọ́ jù, lẹ́yìn náà kí a tún rẹ ẹ́. Ẹyọ méjì tó kojú síra ni àwòrán tí wọ́n yàn. Kò sí méjì nínú káàdì náà tó rí bákan náà, ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà.

Àgékù aṣọ tó bá kù nídìí búláòsì àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ni wọ́n lẹ̀ mọ́ etí káàdì, kí ẹni tó bá gbà á ti rí àwọ̀ ọjọ́ náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé aṣọ gbọ́dọ̀ ṣáájú káàdì, ìmọ̀ràn tó sì ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi láfún sè mú un dáadáa, ṣùgbọ́n aáyán fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta máa ń fi álọ́ọ̀mù sí ẹ̀kọ tiwọn. A ṣe bẹ́ẹ̀ náà, a sì kó káàdì sínú páànù tó ní ìdérí.

Àwọn ará Íńdíà ní àṣà kan nípa káàdì tó wù mí. Àkọ́kọ́ nínú gbogbo káàdì ìgbéyàwó, Ganesha, òrìṣà olórí erin, ni ọ̀pọ̀ ìdílé Híńdù ń fún. Tẹ́ńpìlì rẹ̀ kan wà nínú odi Ranthambore ní Rajasthan tí káàdì ń dé sí nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ohun tó mú un wù mí ni ètò tó wà nínú rẹ̀: ẹnì kan wà tí a kì í jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ilé ìyá àti àgbà ilé bàbá ni. Wọn kì í gba káàdì lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ọmọ ilé méjì ni yóò gbé e lọ, pẹ̀lú obì, wọn yóò kúnlẹ̀, wọn yóò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sókè, bí àgbà náà tilẹ̀ mọ̀wé.

Kí ni kí a kọ, èdè wo sì ni? Nàgó lójú kan, Faransé lójú kejì, Baatonu sì kún un tí ẹbí ọkọ bá jẹ́ Baatonu. Ìlànà ìkọ̀wé àwọn èdè Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Àwọn mọ̀lẹ́bí kan wà ní ìhà Kwara àti Ọ̀yọ́ tí wọ́n máa rò pé àṣìṣe ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Wọn yóò kà á, ohùn kan náà ni yóò sì jáde. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókí: ìdílé méjèèjì ń fi ayọ̀ pè yín, orúkọ ọmọ wọn méjèèjì, ọjọ́, ibi, aago. Ẹ jẹ́ kí aago ìgbà tí wọn yóò wà ní mairie hàn gbangba, ìyẹn nìkan kì í dúró de àlejò.

Mairie ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó ra aṣọ, kí a tó fọwọ́ kan bébà. Òfin ẹbí Bẹ̀nẹ̀, òfin 2002-07 tí wọ́n fọwọ́ sí ní 24 August 2004, sọ pé ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá so nìkan ló ní agbára lábẹ́ òfin. Ọkọ àti ìyàwó gbọ́dọ̀ pé ọdún 18, aya kan ṣoṣo ló mọ̀, owó orí sì jẹ́ ti àmì ìfẹ́ lásán. Wọ́n á lẹ orúkọ tọkọtaya mọ́ ara ògiri kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Ìgbà tí ọjọ́ bá ti dájú níbẹ̀ ni ká tó kọ ọ́ sórí káàdì. Káàdì tí a fi igbá tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kò ṣe é fa igi lé ọjọ́ rẹ̀ lórí, kí a tún kọ òmíràn.

Ìyá àgbà tó béèrè ọ̀rọ̀ ní ìjọ́sí ti gbà pé kí wọ́n wọ sárì, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí aṣọ náà má di èkísà lẹ́yìn ọjọ́ náà. Mo fọwọ́ sí i. Ìdí rèé tí mo fi sọ fún aránṣọ pé kó má fi àlùmọ́gàjí kan ara sárì rárá, kó ṣẹ́ etí rẹ̀ nìkan, kí gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdè wà lórí búláòsì. Mítà márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Tí ìgbéyàwó bá ti parí, ìró kan yóò jáde nínú rẹ̀, gèlè kan àti ìborùn yóò tẹ̀ lé e, èyí tó bá ṣẹ́kù yóò sì tó ìpèlé ọmọdé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọge náà ni yóò pinnu ọjọ́ tí yóò gé tirẹ̀.